Àpótí Ìjókòó Inú Yàrá Fóòmù

Èmi ni mo gbé àpótí náà wọ inú yàrá fóòmù. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi àbùkù ẹlòmíràn bo tèmi mọ́lẹ̀. Àpótí onígi ni, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìyá kan sì jókòó lé e lórí fún ọdún mọ́kànlá. Orí àpótí yẹn ló ti tọ́ ọmọ yanjú, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ìtàn ìyá yẹn ni mo fẹ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá gbọ́ pé èmi ni mò ń sọ ọ́, yóò tutọ́ sílẹ̀ ni.

Ìyá Elétí là ń pè é. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi o, iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ríṣífà là ń ṣe níléeṣẹ́ wa, ohun tó ń gba ìgbì tí a kò lè fojú rí láti inú afẹ́fẹ́. A ń ṣe ti òpó tẹlifóònù, a sì ń ṣe ti rédà, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ojú omi fi ń mọ ohun tó wà níwájú nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀. Tiwa kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n etí kéékèèké mẹ́rìndínlógún ló tò sára rẹ̀, gbogbo wọn sì so mọ́ ṣíìpù kan ṣoṣo, ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Rédà àtijọ́ a máa yí ọrùn kiri bí ẹni tó ń wá ọmọ láàárín èrò. Tiwa kì í yí ọrùn. Bí ìgbì bá ti apá òsì wá, etí tó wà ní òsì pátápátá ló máa kọ́kọ́ gbọ́, èyí tó tẹ̀lé e á gbọ́ tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ṣíìpù á wá dá àwọn tó yá dúró díẹ̀ de àwọn tó pẹ́, kí gbogbo wọn lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti mọ bí òun ṣe dá kálukú dúró tó, ó ti mọ apá ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nìyẹn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé etí mẹ́rìndínlógún kì í yá bákan náà. Òmíràn á yára jù, òmíràn á lọ́ra bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Iṣẹ́ Ìyá Elétí ni láti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kó sì kọ ohun tí ṣíìpù máa fi kún un tàbí tó máa yọ kúrò. Àkọsílẹ̀ yẹn là ń tẹ̀ sínú ríṣífà kó tó jáde nílé wa. Bí àkọsílẹ̀ bá purọ́, ríṣífà á máa purọ́ títí wọ́n á fi jù ú nù.

Inú yàrá fóòmù ló ti ń ṣe é. Ògiri, àjà, ilẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, fóòmù dúdú oníṣóńṣó ló bo gbogbo rẹ̀, tó ń gbé ìgbì mì kó má baà ta padà. Bí o bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á kú sí ọ létè. Ìwo irin kan wà ní ìpẹ̀kun kan tó ń fọn ìgbì jáde, tábìlì ayípo wà ní ìpẹ̀kun kejì tí a ń gbé ríṣífà lé. Pátákó pupa kan wà lára ilẹ̀kùn: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WÀ NÍNÚ YÀRÁ NÍGBÀ TÍ ÌDÍWỌ̀N BÁ Ń LỌ. Ọ̀gá wa, olórí àwọn ẹnjiníà, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án mọ́ ibẹ̀.

Kó tó di Elétí, agbálẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ ra bátìrì rédíò nígbà tí ọmọ wọn obìnrin pé ọdún mẹ́ta, a ò sì tíì rí bátìrì náà títí di òní. Bó ṣe di pé ó wá ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nìyẹn, tó ń nu fèrèsé, tó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lára fóòmù. Ọkùnrin tó ń ṣe ìdíwọ̀n nígbà náà fẹ́ràn oorun ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Bó bá ti sùn, agbálẹ̀ á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà sùn kọjá ìlà tó yẹ kó kọ, agbálẹ̀ bá a kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, òun ló ń kọ gbogbo rẹ̀, ọkùnrin náà kàn ń fọwọ́ sí i ni. Nígbà tí onítọ̀hún fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé agbálẹ̀ mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí lọ, kì í sì í béèrè ohunkóhun. Ó fún un ní jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, onísíìpù irin. Mo rí i lọ́jọ́ náà tó ń fa síìpù yẹn sókè sódò bí ọmọdé.

Yàrá kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé, lókè ilé ìtúnmọ́tòṣe kan. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ìyá ti fi ìborùn di ọmọ lójú, ó yọ́ lọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Níbo ni mo wà?"

Ọmọ na ìka. Ìka náà lọ tààrà sí àyà ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá lójú mi, ọmọ náà kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Elétí fi ẹ̀rín yí sí mi, ó ní, "Bàbá Sítọ̀, ṣé ẹ ń wò ó? Àga ẹnjiníà lèyí máa jókòó lé."

Bàbá Sítọ̀ ni mí. Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ̀, láti orí ìṣó títí dé orí àga. Kò sí ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ mi láìsí ìwé ìbéèrè tí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí, èmi kì í sì í ju ìwé nù. Ìyàwó mi sọ pé àìsàn ni.

Ní ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó lé e, wáyà orí tábìlì ayípo bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí tábìlì bá ti yí kọjá ibì kan, wáyà á fà, ẹnu rẹ̀ á já kúrò lára ríṣífà, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ ra tábìlì tuntun, iléeṣẹ́ ní kò sí owó. Ọ̀gá wá sọ̀ kalẹ̀ wá bá Ìyá Elétí lẹ́nu ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀, mo gbé páálí dání.

"Ìyá Elétí, ẹ kúkú máa wà nínú yàrá, kí ẹ máa bá wa di wáyà yẹn mú."

"Pátákó ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ta ló kọ pátákó? Ṣebí èmi ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n wá àpótí fún un, ó sì fa ìwé ìbéèrè kan ya, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó fọwọ́ sí i: *Àpótí onígi kan, kí Ìyá Elétí lè máa jókòó nínú yàrá fóòmù lákòókò ìdíwọ̀n.*

Mo gbé àpótí wọlé. Ìyá Elétí gbé e sí apá òsì tábìlì, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè dé wáyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti rí i nínú àkọsílẹ̀ pé bí òun bá mira, nọ́ńbà á mì. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fi yí ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká kó má baà yẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń jókòó láì yí orúnkún, láì họ imú, tí èémí á máa wọlé jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ńbà kì í mì mọ́ rárá, ó sì ń fi yangàn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí di ìsinsìnyí. Ká ní jákujàku ènìyàn ni, tó ń mira, tó ń sín, wọn ì bá ti mọ̀ láti oṣù kìíní pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ara rẹ̀ ń ta ìgbì padà sí àwọn etí wọ̀nyẹn, díẹ̀, láti ibì kan náà, lójoojúmọ́, àkọsílẹ̀ sì ń kà á mọ́ ìwà etí. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ yẹ ríṣífà wò kó tó jáde, inú yàrá kan náà la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ló ń di wáyà mú. Ó ń yege, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́.

Ọmọ rẹ̀ kàwé. Ó kà á débi pé a kò mọ orúkọ ohun tó ń kà mọ́. Nígbà tó parí, Ìyá Elétí wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀gá gbà á, ó ní, "Oṣù mẹ́fà la máa fi wò ó. Bó bá dára, ó di tiwa." Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ìyá pín búrẹ́dì àti míńírà fún gbogbo ilé, títí kan ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí kì í dá a lóhùn tó bá kí i.

Àjà kẹta ni ọmọ náà wà. Kò pe ìyá rẹ̀ ní Màmi níbi iṣẹ́. "Mà" ló ń pè é, bí ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn. Mo sọ ọ́ fún Ìyá Elétí pé inú mi kò dùn sí i. Ó fọwọ́ gbá a dànù. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yin ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

Ní oṣù karùn-ún, ìwé dé láti èbúté kan tó ń lo rédà wa. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ nínú kùrukùru, rédà sọ pé ọkọ̀ kejì wà ní òsì, ó sì jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ kọ́ ló wà. Wọ́n kọlu ara wọn, apá awakọ̀ kan há sáàárín irin méjì, wọ́n sì gé e kúrò ní ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n fi àwòrán ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà, bí ẹni pé a ò ní gbà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ di rúkèrúdò ní ọ́fíìsì. Àwọn tó ga ju Ọ̀gá lọ fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀gá pe ọmọ Ìyá Elétí, ó ní, "Wá ibi tí àṣìṣe ti wá fún mi. Ọjọ́ tí o bá rí i tí o fọwọ́ sí i, ọjọ́ náà ni oṣù mẹ́fà rẹ parí."

Ríṣífà ọgọ́ta ló yẹ̀ wò níta yàrá fóòmù, ó ń sá sọ̀ kalẹ̀ wá gba wáyà lọ́wọ́ mi, ó ń sá gòkè padà. Gbogbo ọgọ́ta ló ń purọ́, irọ́ kan náà, ní apá kan náà. Ó jókòó lórí páálí nínú sítọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Sítọ̀, bí ọgọ́ta ènìyàn bá ń ṣàìsàn, orí á máa fọ́ ẹnì kan, inú á máa run ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ìka ẹsẹ̀ kan náà ló ń dun gbogbo wọn, bàtà ni kí ẹ lọ wò." Ó dìde, ó lọ wo bàtà.

Èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù tí mo fẹ́ pààrọ̀, ohun tí mo sì rí nìyí. Ó dúró nídìí tábìlì ayípo pẹ̀lú bébà ìṣirò lọ́wọ́. Bébà yẹn ti sọ fún un pé nǹkan kan wà ní apá òsì, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí tábìlì, ó ga tó ènìyàn tó jókòó, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gùn láyà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó rí àpótí, ó rí ṣọ́ọ̀kì. Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un rí pé òun ń wà nínú yàrá, nítorí pátákó yẹn; bí iná pupa bá ti tàn lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹnjiníà tó ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ìgbà náà ni ìyá wọlé pẹ̀lú ife tíì tó gbé wá fún un. Síìpù irin ń dán láyà rẹ̀.

"Ṣé o ti rí i, ọmọ mi?"

Ọmọ na ìka. Ó kọ́kọ́ nà án sí àpótí, ó wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan ìyá rẹ̀.

Ìyá Elétí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo àpótí, ó wo ìwo irin, ó wo ara rẹ̀. Tíì dà sí i lọ́wọ́, kò mọ̀. Ó ní, "Yéè! Apá awakọ̀ yẹn." Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá ló ní kí n jókòó. Ọ̀gá máa sọ ọ́ fún wọn." Ó dá a lójú. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà wá bá mi kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ti ilẹ̀kùn sítọ̀.

"Bàbá Sítọ̀, ta ló ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀?"

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Ọdún mọ́kànlá, ìwé náà kò tiẹ̀ ká létí. Mo fà á lé e lọ́wọ́, inú mi dùn, mo rò pé mo ti gba ẹ̀mí là. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó dá a padà fún mi.

"Ẹ bá mi fi pamọ́."

"Kí lo wí?"

"Bí mo bá kọ orúkọ Ọ̀gá, kò ní jẹ́ kí n rí ọ̀la nílé yìí, ó sì máa lé Màmi náà. Àwa méjèèjì la máa lọ. Bí mo bá kọ ti Màmi, ẹnì kan ṣoṣo ló máa lọ. Ó ku ọdún mélòó kí wọ́n fẹ̀yìn tì, Bàbá Sítọ̀? Èmi mà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

Mo ní, "Ìyá tó bí ọ rèé o."

"Mo mọ̀ wọ́n." Ó ń nu eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ dúró níwájú Ọ̀gá kí ẹ pè é ní òpùrọ́?"

Ẹ̀rù bà mí. Kí ló kù tí mo fẹ́ fi pamọ́? Ilé mi kún, orúnkún mi kò dára, kò sí ẹni tó tún máa gba irú mi síṣẹ́. Mo lè mú ìwé náà lọ fúnra mi. Mi ò lọ. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè wá sí yàrá ìpàdé. Àwọn àgbààgbà iléeṣẹ́ méjì jókòó, Ọ̀gá jókòó, ọmọ jókòó pẹ̀lú ìwé tó kọ. Ìyá Elétí nìkan ló dúró, nítorí kò sí ẹni tó ní kó jókòó. Ọmọ ka ìwé rẹ̀ síta: òṣìṣẹ́ ìdíwọ̀n wọ yàrá lòdì sí òfin tó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì jókòó níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Kò pe orúkọ. "Òṣìṣẹ́ ìdíwọ̀n" ló ń pè é, ó tó ìgbà mẹ́jọ.

Ìyá Elétí ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ló ní kí n máa jókòó di wáyà mú."

Ọ̀gá ṣí ojú sílẹ̀. "Èmi? Èmi tí mo fọwọ́ mi kan pátákó?"

"Bàbá Sítọ̀ wà níbẹ̀. Òun ló gbé àpótí wá." Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ará ilé rẹ̀ nínú ọjà.

Gbogbo wọn wò mí. Ọmọ náà kò wò mí, ó ń tò bébà rẹ̀.

Mo ní, "Mo gbé àpótí wá. Mi ò rántí ẹni tó rán mi."

Ẹ̀rín yẹn kò tètè kúrò lójú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kò mọ ibi tó máa lọ. Ọ̀gá mi orí, ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Àwọn àgbààgbà fọwọ́ sí i. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti lé e. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ pátápátá.

Ẹni tó bá rò pé ó parí síbẹ̀ kò mọ iléeṣẹ́. Ríṣífà tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ló wà níta tó ń purọ́. Láti kó gbogbo wọn padà, iléeṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Ọmọ Ìyá Elétí ló mú ọgbọ́n wá. Ó ní bí a bá lè wọn ohun tí ara ìyá yẹn ń ṣe sí ìgbì, lójú àpótí yẹn gan-an, a ó yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀, a ó sì fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí ríṣífà kọ̀ọ̀kan níbi tó wà. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n pe ìyá náà padà wá jókòó.

Ó wá. Ó ti wẹ̀, ó ti di irun, ó gbé àpamọ́wọ́ ọjọ́ Ìsinmi dání. Ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pé, "Wọ́n ti rí i pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó bí èmi." Mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mi, mo sì pa fèrèsé dé.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìníṣẹ́ ti jẹ ẹ́ lára. Wọ́n mú un wá sí sítọ̀, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn àpò ìṣó. Ọmọ rẹ̀ fi nọ́ńbà náà wé ti káàdì àyẹ̀wò ara tí iléeṣẹ́ ṣe fún gbogbo wa lọ́dún tó kọjá. Kílò mẹ́sàn-án ti lọ. Bí ara kò bá pé, ìṣirò kò ní pé. Wọ́n ní kí n mú ọ̀rá omi wá. Mo po iyọ̀ sómi bí ọmọ náà ṣe júwe rẹ̀ fún mi, kó lè jọ ti inú ara, mo dì í ní ọ̀rá-ọ̀rá. Ọmọ so wọ́n mọ́ ìyá rẹ̀ níkùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú báńdéèjì, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù lé e, ó fa síìpù irin dé ọrùn.

"Ẹ gbé apá yín sókè, Mà. Ó ti tó."

Ìyá Elétí ń wo àtàrí ọmọ náà bó ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀ fẹ́rẹ́. "O ò jẹun dáadáa," ló sọ.

Ọjọ́ méjì ló fi jókòó sínú yàrá yẹn. Ọmọ wà níta nídìí kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ ń wọlé láti inú sípíkà kékeré kan. Èmi ni mò ń pààrọ̀ ọ̀rá tó bá ń jò, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má mira, Mà. Ẹ yí àgbọ̀n yín sí ọ̀tún. Ẹ má mí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Omi iyọ̀ ń kán sí itan rẹ̀, ó ń wọ bàtà rẹ̀, kò mira. Nígbà tí wọ́n parí, ó béèrè lọ́wọ́ sípíkà náà pé, "Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Ohùn náà dáhùn. "Nọ́ńbà dúró dáadáa, Mà."

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má wá lọ́jọ́ kẹta. Ó wá. Ilẹ̀kùn yàrá fóòmù wà ní ṣíṣí, ó yọjú wọlé. Àgbá ọ̀rá kan tó kún fún omi iyọ̀ ló wà lórí àpótí, láàárín ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, wọ́n sì ti wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù fún un, wọ́n fa síìpù rẹ̀ sókè. Wọ́n ti wọn àgbá náà, ó bá ìyá mu. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún yọjú lọ́jọ́ iwájú, wọn kò ní nílò láti ránṣẹ́ pè é.

Ó wá sí sítọ̀ láti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó gbé e lé tábìlì mi. Dúrọ́ọ̀ tí ìwé yẹn wà nínú rẹ̀ kan orúnkún mi bí mo ṣe jókòó.

"Bàbá Sítọ̀, ọmọ mi wá béèrè lọ́wọ́ yín kó tó kọ ìwé rẹ̀. Ó sọ fún mi. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Kí lẹ sọ fún un?"

Mo wò ó. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ nínú aṣọ ilé rẹ̀. Ohun méjì péré ni mo lè sọ, ọ̀kan nínú wọn á fi ọmọ sílẹ̀ fún un.

"Mo ní mi ò rántí."

Ó tutọ́ sílẹ̀, lórí símẹ́ǹtì sítọ̀ mi, níwájú bàtà mi. "A ní kí ẹ fẹ́ ni lójú, ata lẹ fi sẹ́nu. Ọmọ mi ì bá gbà mí sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dì í lọ́wọ́." Ó lọ. Mo fi àkísà nu ibẹ̀.

Ọdún kẹrin rèé. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, nínú ilé tó ní fèrèsé ńlá. Wọ́n ní kò sí àlejò tó máa dé ibẹ̀ tí kò ní gbọ́ orúkọ mi, bí ọkùnrin kan ṣe ṣẹ́ òun nítorí ìbẹ̀rù, àti bí ọmọ òun ṣe sunkún títí tí kò rí ẹlẹ́rìí. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, bí ọmọ náà ṣe ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin. Ó kù sí èmi bóyá ọjọ́ kan yẹn máa dé, mo sì mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ wá gba wáyà. Òun ni olórí ìdíwọ̀n báyìí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè rẹ̀ bó ti yẹ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, kò yíjú padà.

"Bàbá Sítọ̀, Màmi ní kí n kí yín. Mo ti ń bá wọn sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti dárí jì yín."

Mo ní, "O ṣé. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó lọ. Mo mú ìwé ìbéèrè wáyà, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀, lórí èyí tó ti wà níbẹ̀.